Àgúnsára Ló Yẹ Kí Wọ́n Máa Pè É

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ta ni ẹni náà gan-an tó jókòó síbì kan, tó wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mọ́ni lára, tó sì pè é ní àjẹsára? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun, òun náà ni mo sì kọ́kọ́ bi ọ́ kí n tó rántí kí ọ. Ó dáa, ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ ti há? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí irú ohun tí ojú wa rí nílé yìí. Ìyá rẹ ń kí ọ, àmọ́ inú ń bí i sí mi, ìdí rẹ̀ á hàn sí ọ láìpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti pe fóònù mi títí. Má dààmú, fóònù náà wà, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni.

O mọ̀ pé ajá rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa bí ọmọ mẹ́rin, o sì fi ìgò kékeré kan rán awakọ̀ sí wa nínú ike tó kún fún yìnyín. O pè mí pé àjẹsára àwọn ọmọ ajá ni, pé yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àrùn tí ẹ ń pè ní páfò, pé kí n yáa tètè, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ti gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ mì. Wàyí o, èmi kì í ṣe púrúǹtù. Ìwé tí mo ti kà kò ṣeé kó sínú yàrá yìí tán. Mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè, mo sì ro ó síwá sẹ́yìn. Àjẹkù ni ohun tí a jẹ tó kù. Àjẹyó ni kí á jẹ kí á yó. Kí ló wá ń jẹ́ àjẹsára bí kò ṣe ohun tí a jẹ sí ara? Ìwọ gan-an, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ẹnu ni nọ́ọ̀sì kán an sí, ojú mi ló ṣe, o tiẹ̀ tu díẹ̀ sí mi láṣọ. Mo bá da ìgò náà sínú ìrẹsì rírọ̀, mo pín in dọ́gba kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ ẹnìkejì jẹ, wọ́n sì lá àwo náà mọ́ féfé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ààbò ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Mo-ti-sọ, ló mú àrùn náà wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sẹ́. Ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ajá rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rìn káàkiri àgbàlá ọ̀hún, ó sì wọ bàtà kan náà bọ̀ wá jókòó síbi tí àwọn ọmọ ajá ti ń ṣeré. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn kọ oúnjẹ. Ó ń bì, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn rẹ̀ kò jọ òórùn ìgbẹ́ ajá tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mẹ́ta ti dùbúlẹ̀. Mo-ti-sọ ní òun kúkú ti sọ, ohun tí mo fún wọn jẹ ló ń pa wọ́n, kí n kó wọn sínú àpò kí òun lọ dà wọ́n sígbó kó tó ran ènìyàn. Mo ní ohun tó bá ṣì ń mí kì í ṣe ààtàn ni ilé rẹ̀. Ó ní ṣé nítorí ajá ni mo ṣe ń gbó mọ́ òun. Mo ní bó bá jẹ́ gbígbó ni yóò jẹ́ kó gbọ́, màá gbó. Ìyá rẹ ní ajá mélòó gan-an ló wà nínú ilé yìí.

Mo ránṣẹ́ sí dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Ó ní kò sí oògùn tó ń pa àrùn náà fúnra rẹ̀, pé ara ajá ló máa jà á, tiwa ni kí á má jẹ́ kí ara náà gbẹ títí yóò fi ṣẹ́gun. Ó fa omi sí wọn lára, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, ó ní kí á jẹ́ kí wọ́n móoru, kí á yà wọ́n sọ́tọ̀, kí á má fi tipátipá ki oúnjẹ bọ̀ wọ́n lẹ́nu, bí èébì bá ti dáwọ́ dúró kí á máa fún wọn ní rírọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kì í ran ènìyàn. Mo-ti-sọ ní kí ni ọmọdé mọ̀. Nígbà náà ni dókítà bi mí pé ta ló fún wọn ní àjẹsára, mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́. Ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní jíjẹ kò pa wọ́n lára, kò sì ṣe wọ́n lóore kankan, abẹ́rẹ́ ni, bí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gún títí wọn yóò fi tó bí oṣù mẹ́rin, nítorí ààbò tó wà nínú wàrà ìyá wọn a máa bá a jà. Mo ní àgúnsára nìyẹn, kódà àgúntúngún ni, ẹ̀yin lẹ fi orúkọ èké pè é. Ó ní mo jàre nínú ìwé, ṣùgbọ́n àrùn kì í kàwé.

Èyí tó kéré jù nínú wọn kú sí mi lọ́wọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní ọṣẹ kì í pa kòkòrò páfò, pé ó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ, àfi kí á po ife bílíìṣì kan mọ́ ọgbọ̀n ife omi, kí á fi fọ àwo, ilẹ̀ àti bàtà, àti ohunkóhun tí ajá náà bá fẹnu kàn. Mo fọ gbogbo rẹ̀. Ó kan fóònù. Dókítà ti pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, ó ní òun fẹ́ rí èrìgì ajá, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu, ajá sì lá a. Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo sọ fún mi pé fáírọ́ọ̀sì máa ń wọ inú fóònù? Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ kó máa ràn ọ́ láti ibí? Mo rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, mo yọ ọ́, mo sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ aláró ìyá rẹ, ó sì ń kán sí i. Bàtà dúdú Mo-ti-sọ náà ti dà bí awọ ẹkùn. Ó ní òun kò ní ti ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà bílíìṣì tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà mọ́ láé, mo ní kò burú, kò ní ti ẹsẹ̀ bọ inú yàrá mi náà nìyẹn. Ìyá rẹ ní aṣọ aláró òun ló dun òun.

Báyìí, ọ̀kan ti dìde, ó ti ń jẹun. Ẹ̀kẹrin tí kò ṣàìsàn wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ti gún un ní àgúnsára. Ó ku ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ẹ̀kẹta nínú àwọn tó ṣàìsàn. Mo-ti-sọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá lè dìde, òun ń bọ̀ pẹ̀lú àpò, kò sì sí àbúrò tó lè dá òun dúró. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tì í. Mo fi súwẹ́tà ilé-ìwé rẹ àtijọ́ wé e, ó ń mí, àmọ́ mo ní láti fara balẹ̀ wò ó kí n tó mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi bóyá ọ̀rọ̀ ló ṣìnà ni àbí èmi. Má sọ fún Mo-ti-sọ pé mo béèrè.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa tún gún, àti fún fóònù mìíràn, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á bóyá wọ́n ní èyí tó gba bílíìṣì. Aṣọ ìyá rẹ ńkọ́, fi kún un. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ nítorí bàtà. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, fọ ọwọ́ rẹ, má sì jẹ́ kí ajá kankan fẹnu kàn án. Mo fẹ́ fọ òun náà, yíǹkì ni kò jẹ́.

Ohun tí o bá ń tọ́jú kò ní kú sí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì gbé àpò dúró dè ọ́, òfìfo ni yóò gbé e padà sílé.

Mo kọ ìyẹn tán ni mo gbọ́ tí nǹkan ń lá omi. N kò tètè yíjú kí n má baà lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, súwẹ́tà rẹ ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀, ó lá a, mo dúró, kò bì í. Mo ń gbọ́ bàtà ẹ̀gbọ́n mi níta. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti fẹ́ àtùpà pa. Èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.