Aṣọ Ìyá Mi Tí Mò Ń Dín Kù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì tíì bú mi, torí mo ti bú ara mi tó. Télọ̀ ni mí, Ìgàndó níbí ni èmi àti ìyá mi jọ ń gbé. Ara màámi ò yá, èmi ni mo sì ń bá wọn fi í pamọ́.

Èmi ni mo máa ń rán sùtánà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Egan, torí náà ìwọ̀n wọn wà nínú ìwé mi. Lọ́dún tó kọjá, ìbàdí wọn jẹ́ forty-two. Nígbà tó máa fi di ìkórè, ó ti di thirty-eight. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní màámi ti di sísí, mo ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ wo... èmi tí mò ń se oúnjẹ wọn? Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà wọn dáadáa, wọ́n tún ń bù sí i, omi ò kúrò lẹ́nu wọn, wọn ò sì lè jókòó pẹ́ kí wọ́n má dìde lọ tọ̀. Mo rí gbogbo ẹ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí ò rí i ni.

Nígbà tó di thirty-five, mo ní ká lọ sí health centre kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò. Wọ́n ní téèpù mi ló ti gbó, pé ó ti fà. Mo ra téèpù tuntun o, mo tún wọ̀n wọ́n... thirty-five náà ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn dín gbogbo aṣọ àwọn kù kí àbúrò mi tó dé. Tíṣà ni àbúrò mi ọkùnrin l'Ékìtì, ó ti sọ ọ́ pé tí ara màámi ò bá yá, òun máa kó wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Màámi ò fẹ́ lọ. Àwọn ni wọ́n ń darí àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ máa ṣe l'Ékìtì, ṣé káwọn máa wo ògiri ni?

Mo sì dín in. Bùbá, sùtánà, gbogbo ẹ̀. Mo tún fi fóòmù sí èjìká kí eegun má baà yọ. Àbúrò mi dé, ó wò wọ́n, ó ní màámi ń dán, ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń tọ́jú wọn. Mo rẹ́rìn-ín... ẹ gbà mí, mo rẹ́rìn-ín.

Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi. Ó tiẹ̀ ń bí mi sí àbúrò mi náà jàre, àbí kí ló dé tí kò lè ní ká jọ tọ́jú wọn níbí? Ní Monday wọ́n tún gbé sùtánà wá. Mo wọ̀n wọ́n, thirty-one. Èjìká mi ni wọ́n dì mú kí n tó wọ̀n wọ́n tán, torí òòyì ń kọ́ wọn. Síbẹ̀ wọ́n ní tí mo bá fi lè pe àbúrò mi, kí n má pe àwọn ní ìyá mọ́.

Sunday yìí ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́, ó wà níwájú mi báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá olórí kunkun, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pe àbúrò mi kí màámi kọ̀ mí lọ́mọ ni, àbí kí n máa dín sùtánà yìí lọ títí màá fi dín èyí tí wọ́n máa fi sin wọ́n?