Ọkọ̀ Eré Inú Gíláàsì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdí ẹ́ńjìnì o. Ẹ bi mí nípa ọkọ̀ eré tí mò ń tọ́jú nílé ìṣẹ̀ǹbáyé níbí. Wọ́n ṣe é jọ ọkọ̀ gidi tí wọ́n fi ń sáré ìdíje tọ̀sántòru láìsinmi, àmọ́ kò gùn ju apá mi lọ. Inú gíláàsì ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń gbọn eruku rẹ̀. Bàbá, ẹni tó ṣe é mọṣẹ́! Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, gbogbo wáyà ló pé. Mo gbé etí lé e bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ara mi le dáadáa. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ọṣẹ tí wọ́n ní kí n máa fi fọ epo ọwọ́ ṣì wà lódindi.