Ohun Tí Ládé Sọ Nípa Màmá

Daddy Ládé,

Mi ò fẹ́ jí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ mú Ládé nílé ìwé ní aago méjì.

Bó ṣe ń jẹun láàárọ̀ yìí ni mo wo iṣẹ́ tí Aunty Vivian, tíṣà rẹ̀, fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì kíláàsì ni wọ́n ti ṣe é. Ládé ya àwòrán Màmá yín lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ pé: "Grandma mi nìyí. Mummy ní wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú, àmọ́ wọ́n ti kú. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń gbé wọn jáde. Mi ò sọ fún Mummy, kí wọ́n má baà sunkún."

Èmi ni mo ní ká purọ́ fún un. Ẹ má bínú. Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́ báyìí, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ fún un kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹ má sọ pé Grandma sùn. Tí omijé bá bọ́ lójú yín, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó rí i, kí òun náà lè sunkún tiẹ̀.

Kúnbi