Ẹ Má Dáná Sun Ìwé Eegun Bàámi

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n san ohun tó wà lọ́rùn mi. Ní ìparí oṣù kìíní, nígbà tí mo pe ilé, Bọ̀dá bi mí bóyá mo fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ìwé Bàámi àti àwọn irinṣẹ́ wọn lọ síbi iná tí ìjọ wọn fẹ́ dá ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, nítorí káàdì fóònù ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tí mo sọ yẹn, mo ti kó o jẹ. Èsì mi gan-an nìyí: ẹ má dáná sun ún. Ojú ewé kan kò gbọdọ̀ jóná níbẹ̀. Mo ti san ohun tí mo jẹ nìyẹn.

Ó wá ku ìkíni. Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bùnmi ọmọ mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Padova nílẹ̀ Italy níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá yìí tutù ju ilẹ̀ odò lọ. Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ óò ka lẹ́tà yìí sí Màámi létí, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Kí ìlà kankan má baà sọnù ni mo ṣe fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ẹni tí Bàámi bá to eegun rí lè kà á fúnra wọn. Ẹ óò bínú sí mi. Mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ẹ ti gbọ́ pé mo kúrò ní Torino. Ìyá arúgbó kan ni mo ń tọ́jú níbẹ̀, ní àdúgbò Barriera di Milano. Ìyá náà kú, ọ̀sẹ̀ kan péré ni àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi kí n fi kó ẹrù mi. Wọ́n ní iṣẹ́ wà ní Padova, mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Òpópónà Via Anelli ni èmi àti Mama Ṣadé ń gbé, nínú yàrá tó jẹ́ pé bí ẹ bá na ọwọ́ méjèèjì, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri méjèèjì. Mama Ṣadé yìí ló ń darí àdúrà nínú ìjọ wa. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ tí èèyàn lè fi aṣọ ìbora lé lọ. Inú eyín ló máa ń wọ̀. Kùrukùru á bo ilẹ̀ títí, ẹ ò ní rí bọ́ọ̀sì àfi bó bá dúró níwájú yín. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ni ẹni tó ní kí n sún.

Ilé ìránṣọ àwọn ará Ṣáínà ni mo ti ríṣẹ́, lẹ́yìn ìlú, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé sójú títì. Obìnrin kan ló ni ín, padrona la máa ń pè é, ìyẹn ọ̀gá wa obìnrin, òun àti ìyá tó bí i, tí a ń pè ní ìyá àgbà, ni wọ́n jọ ń darí ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé òwú tó bá yọ lára ṣòkòtò. Iye ṣòkòtò tó wà nínú owó iléèwé Bùnmi, mo mọ̀ ọ́n lórí.

Kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri níbẹ̀, àwòrán àwọn èèyàn pàtàkì ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, oṣù kan, èèyàn kan. Padrona gbọ́ èdè Italy bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ, ìdajì-ìdajì, ìdajì méjèèjì náà la sì fi ń tàkúrọ̀sọ bí a bá ń jẹun. Ó ní ẹni tó wà lójú oṣù kìíní ni Cai Lun, tí wọ́n ní ó fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n apẹja tó ti gbó ṣe tákàdá. Mo wo àkísà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ní ẹ ò rí i pé owó là ń gbá dànù! Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé báwo wá ni ọkùnrin náà ṣe parí ayé rẹ̀. Ó ní ẹjọ́ ká a mọ́ láàfin, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó sì gbé májèlé mu. Ti oṣù kejì ni Zheng He, ọ̀gá atukọ̀ tó kó ọkọ̀ rẹpẹtẹ dé etíkun ilẹ̀ àwa adúláwọ̀ lápá ìlà-oòrùn, tí wọ́n sì kó àgùnfọn lọ fún ọba wọn. Òun náà ńkọ́? Ó ní ìwé ìrìn àjò rẹ̀ di àwátì láàfin, àwọn kan ní àwọn ìjòyè ló sun ún kí ẹnikẹ́ni má baà tún náwó lé orí òkun mọ́. Mo ní háà, ilẹ̀ yín yìí ò mọ èèyàn tọ́jú o. Ó ní tiyín mọ̀ ọ́n? Mo tún ń gé òwú mi lọ.

Ojú oṣù kẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n kan ló wà níbẹ̀, ó gbé àpò oògùn kọ́ èjìká. Oṣù kẹta parí, ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ewé náà. Ọdún parí, bàbá yìí ṣì wà níbẹ̀, ọsàn mẹ́ta nínú àwo níwájú rẹ̀. Bí ọsàn náà bá ti ń rọ, ìyá àgbà á pààrọ̀ rẹ̀. Màámi, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí lẹ̀ bá pè é? Mo sọ fún Mama Ṣadé. Ó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní Ìyá Bùnmi, abájọ! Abájọ tí permesso rẹ ò fi jáde! O jókòó ti òrìṣà láti àárọ̀ dalẹ́, o wá ń retí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Ó ní ṣé mi ò tíì fẹnu kan ọsàn wọn ṣá? Mo ní ta ló fi lọ̀ mí.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan tó jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mo fa ewé náà ya, mo ká a, mo tì í sínú ààrò onírin tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Mo ní lórúkọ Jésù. Kò pẹ́ tó fi jó tán. Ìyá àgbà dé, ó wo ògiri, ó sì kó ọsàn rẹ̀ kúrò. Padrona bi gbogbo wa léèrè, èmi náà mi orí bíi tàwọn yòókù. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bọ̀dá bi mí ní ìbéèrè tiwọn. Ẹ wá rí i pé kò nira fún mi láti dáhùn. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́sẹ̀ kejì, omi dídì yọ̀ mí ṣubú níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Ọrùn ọwọ́ wú, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kò ní permesso kì í fẹ́ yọjú sí ọsibítù, ọjọ́ tí èèyàn ò bá sì ṣiṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ. Mo fi ìborùn wé e, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìyá àgbà rí i. Ó gbá ṣòkòtò kúrò lórí tábìlì, ó ní kí n jókòó. Màámi, ó di ojú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú eegun, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Bàámi ni mo rí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, tí wọ́n á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, eegun ń sọ̀rọ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ké. Eegun padà sáyè rẹ̀. Ó fi páálí gbè é, ó fi àjákù ṣòkòtò dì í.

Mo ní kí padrona bá mi bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ìyá àgbà ní ọ̀dọ̀ bàbá òun ni, oṣù kẹta ni bàbá náà sì kú. Òun ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ọkùnrin onírùngbọ̀n inú kàlẹ́ńdà yẹn, Hua Tuo, ni àgbà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wọn, ẹni tó máa ń fi oògùn sínú ọtí fún aláìsàn kó lè sùn lọ kí wọ́n tó la ikùn rẹ̀. Nígbà tí òun ò rí ojú bàbá òun wò, ojú ọ̀gá rẹ̀ ni òun ń wò.

Mo tún béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè: báwo ni Hua Tuo náà ṣe parí ayé rẹ̀? Ìyá àgbà ń sọ ọ́, padrona ń túmọ̀. Orí fífọ́ ló ń da ọ̀gágun kan láàmú, ẹni tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù. Hua Tuo á fi abẹ́rẹ́ gún un, ara á tù ú. Ọ̀gágun wá fẹ́ kó di oníṣègùn tòun nìkan. Hua Tuo ní ìyàwó òun ń ṣàìsàn, ó gba ilé lọ, kò padà. Wọ́n rí i pé irọ́ ló pa, wọ́n gbé e, wọ́n ní kíkú ni yóò kú. Nínú ẹ̀wọ̀n, ó na ìwé kan sí wọ́dà tó ń ṣọ́ ọ, ó ní èyí lè gba ẹ̀mí là. Wọ́dà bẹ̀rù òfin, kò gbà á. Hua Tuo kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n fún òun níná, ó sì sun ìwé náà. Ìyá àgbà ní nílùú àwọn, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ewé kan ṣoṣo ló yè, bí wọ́n ṣe ń tẹ àkùkọ lọ́dàá ló sì wà níbẹ̀.

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo ní èmi ni mo sun àwòrán náà. Padrona dìde, ó ń pariwo. Ìyá àgbà ní kó túmọ̀ ohun tí mo sọ. Nígbà tó gbọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ní ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ so aṣọ pupa mọ́ apá wá sílé àwọn, pé gbogbo nǹkan àtijọ́ gbọ́dọ̀ jóná. Padrona yìí ló wà lẹ́yìn òun nígbà náà, ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rù ba òun. Òun fúnra òun lòun gbé ìwé bàbá òun jáde, tòun ti fọ́tò rẹ̀, lójú bàbá náà. Ó ní bàbá náà kò bá òun wí rárá títí ó fi kú, ìyẹn ló sì burú jù.

Ó so ìdè tó kẹ́yìn mọ́ mi lọ́wọ́. Padrona ní kí n máa lọ, kí n má padà wá. Mi ò bá a jà. Mo ń fọ ilẹ̀ ilé ìṣerun kan ní Mestre báyìí, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Owó oṣù yìí ò ní pé, Màámi, ẹ má bínú.

Ẹ rántí ìwé náà. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà. Bàámi ò mọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Wọ́n á ní kọ ọ́ sílẹ̀: eegun ọmọdé, má dì í le jù. Ti àgbàlagbà, máa wo èékánná, bó bá ti ń dúdú, tú ìdè kíá. Òrí ni kó o fi pa á, má ṣe fi ọwọ́ tútù kàn án. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ níbí, wọ́n na ìwé náà sí mi, wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín. Mo ní mo ti di àtúnbí, mi ò lè gbé ìwé tí ọfọ̀ wà nínú rẹ̀ kọjá òkun. Bàámi ò bẹ̀ mí. Wọ́n dá a padà sínú agolo bísíkíìtì. Ìgbà tí mo máa fi tún gbúròó wọn, ìròyìn ikú wọn ni. Màámi, èmi ni wọ́dà yẹn.

Bọ̀dá mi, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Adìẹ tí Bàámi máa ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ adìẹ àti ti aláìsàn lè jọ san, àti ọfọ̀ tó wà lójú ewé mẹ́ta ìparí. Mi ò bá yín jiyàn. Ẹ gé ojú ewé mẹ́ta yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ẹ gbàdúrà lé ìyókù lórí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ já bọ́ lórí igi máńgòrò. Ẹsẹ̀ òsì ni. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń gun orí pẹpẹ lónìí, adìẹ funfun kan bá a jìyà, nígbà tó sì san, ẹ̀yin náà lẹ jẹ adìẹ náà.

Lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti kánjú sun ún, nítorí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti jóná, ẹ má fi pamọ́ fún mi, ẹ má sì ní ẹ̀yin lẹ sun ún. Èmi ni. Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń bá Bàámi di aláìsàn mú. Bó bá ti jóná, ẹ jẹ́ kí Bùnmi jókòó tì yín, kó mú bírò, kẹ́ ẹ máa sọ ohun tí ojú yín rí fún un, kó máa kọ ọ́. Bí kò bá sì tíì jóná, ẹ gbé agolo náà sábẹ́ ìrọ̀rí yín láti òní lọ.

Ẹ bá mi kí ìyàwó Bọ̀dá, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ kí gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ wọn ń rìn nítorí Bàámi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọwọ́ tó yẹ̀ yẹn náà ni mo fi kọ èyí. Mi ò fẹ́ èsì orí bébà. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífóònù tí mo máa ń pè, kí Màámi fúnra wọn gbé agolo náà dání, kí n gbọ́ ìró ìdérí rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín, á pè ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní Sunday Ọ̀pẹ.