Ẹni Tí Mo Fi Ṣe Apààyàn

Èmi ìyàwó ọmọ Baba ni mo ń kọ èyí. Ìyàwó náà ni Baba ń pè mí. Baba kò mọ̀wé. Ọmọ àgbẹ̀ ni, oko ni wọ́n mú un lọ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Àwọn ìtàn ìpànìyàn tí òǹtẹ̀wé ń tà lápá-lápá, ẹnu Baba ni wọ́n ti ń jáde, ọwọ́ mi ló ń kọ wọ́n. Èyí kì í ṣe ìtàn. Baba ní kí n kọ ohun tójú òun ń rí sọ́tọ̀, kí n má sì tún un ṣe. Ẹnu Baba ló ń sọ̀rọ̀ láti ibí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Apá kẹta jáde. Obìnrin inú ìtàn ti sọnù, kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn èèyàn ń kà á lójú pópó, wọ́n ń kọsẹ̀. Inú mi dùn — kí ni kò ní í dùn sí?

Wọ́n máa ń bi mí bí mo ṣe ń rántí. Ẹni tí kò lè ka ohun tó sọ lánàá gbọ́dọ̀ níbi tó so ó mọ́, bí ẹni so ewúrẹ́. Èèyàn inú ìtàn kọ̀ọ̀kan, mo so ó mọ́ ẹnì kan tí mò ń rí lójoojúmọ́. Òkú: ìyàwó Káfíńtà. Apààyàn: Káfíńtà fúnra rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fèrèsé mi. Ẹsẹ̀ tó ń tiro, bó ṣe máa ń súfèé tó bá ń rẹ́ igi, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó fi pákó tẹ́ — gbogbo rẹ̀ ni mo kó. N kò dárúkọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Oníwà tútù ni, ta ni yóò fura sí i? Òkété kì í gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Bí o bá ń ṣọ́ iwájú, ẹ̀yìn leran yóò gbà jáde. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ẹnu-Oyin wá. Òǹtẹ̀wé ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ìyàwó ka ohun tó wà lára èèpo ìwé fún mi. "Ó ṣojú ẹni tó sọ ọ́." Ojú mi kẹ̀? Èmi tí mo jókòó sórí àga? Ó ní, "Baba, ta ló fẹ́ ra irọ́? Ẹ jẹ́ kó tà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìyàwó gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi: ìyàwó Káfíńtà dà? Mo bi ọkọ rẹ̀. Ó ní ara ìyá rẹ̀ ni kò yá lábúlé, ó lọ tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Baba Onítàn, wọ́n ní mo ti pa á o! Ẹ bá mi jí i dìde, ebi ń pa mí." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ wá fún Káfíńtà mọ́. Lánàá mo gbọ́ ayùn rẹ̀. N kò gbọ́ súfèé.

Ọjọ́ Ajé, 10

Káfíńtà wá. Kò jókòó. Ó ti ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń ná abúlé wọn, kí ìyàwó rẹ̀ tètè máa bọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba. Ní apá kẹrin, ẹ sọ pé awakọ̀ ni. Ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ni. Ẹ ṣáà sọ pé èmi kọ́."

Mo ní rárá. Àmì ti wà nílẹ̀ láti apá kìíní. Ẹni tó bá yí apààyàn padà lójijì, ó ja òǹkàwé lólè. Ó ní, "Èmi wá ńkọ́?" Mo ní ìtàn ni, ìtàn kì í pààyàn.

Ìyàwó gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Baba, aládùúgbò wa ni." Mo ní kó máa kọ. Ó kọ ọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé orí mi le ju gbòǹgbò ìrókò lọ.

Ọjọ́rú, 12

Apá kẹrin jáde. Nínú rẹ̀, wọ́n rí òkú lábẹ́ pákó ṣọ́ọ̀bù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ òkúta sórí páànù Káfíńtà. Mo mú ọ̀pá, mo jáde. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo hun ún. Onígbàjámọ̀ ló ṣáájú wọn, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ ní ó ṣojú yín. Ìgbà wo lẹ wá ń purọ́ — lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni, àbí lónìí?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú àgbàlagbà wọlé, ẹ̀rù Káfíńtà ló ń bà á.

Káfíńtà ń wò mí látẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ránṣẹ́ pe Ẹnu-Oyin kó wá jẹ́rìí. Kò wá. Ó ní ìwé ti tán lórí àtẹ, ibo ni mo bá apá karùn-ún dé?

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Wọ́n wú pákó. Ọ̀sán gangan. Dígà, ṣọ́bìrì. Mo wà lójú fèrèsé. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá, àti ìṣó tó ti dípẹtà. Mo pariwo: ẹ ò rí i? Onígbàjámọ̀ ní, "Ó ti gbé e kúrò ni." Wọ́n ya lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pe Káfíńtà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà. Kò sí ariwo lẹ́nu wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo fèrèsé mi.

Mo ní kí Ìyàwó lọ wò ó. Ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ayùn há sínú igi tí kò tíì rẹ́ tán. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ — kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ìyàwó Káfíńtà dé, ẹrù lórí. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ń kí i káàbọ̀, ojú wọn ò kúrò nílẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà dúró létí ihò tí wọ́n gbẹ́ nítorí rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá sọdá sọ́dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi — ó ṣì kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n sin èmi sí. Ẹ sọ fún mi, ọkọ mi dà?"

Ó ń wo ẹnu mi. Ìyàwó náà ń wo ẹnu mi, kálámù lọ́wọ́.

Àtàǹpàkò Baba ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ó ní kò sí apá karùn-ún.

Ẹlẹ́rìí kìíní: èmi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí mo fọwọ́ ara mi kọ apá kẹrin.

Ẹlẹ́rìí kejì: ìyàwó Káfíńtà. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun wà láàyè.