Bàbá Fi Ojú Kòkó Wo Òkúta

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ọ̀nà Odigbó,
Ọ̀rẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984.

Adégbóyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìrọ́jú. Monílọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò láti ìgbà tó ti bímọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ní òun kò jẹ tùwó mọ́? Mo gbọ́ pé mílíìkì ṣòroó rí ní Kàdúná bó ṣe ṣòroó rí níbí. Ní tiwa, a wà láàyè. Títílọpẹ́ ìyàwó mi kí yín.

Ọjọ́ Ajé ni mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní wọ́n ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹ ó kó bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, àti pé oko kòkó bàbá rẹ ní Ajue ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oko yẹn ni mo fẹ́ sọ. N kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ tí yóò fi rọ̀, nítorí náà n óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá ti ta oko náà.

O rántí bí ìjọba ṣe pa owó dà ní ìparí oṣù Kẹrin. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá fi tò sórí ìlà ní báńkì. Apá kan owó kòkó wọn ni wọ́n rí pààrọ̀, ìyókù di bébà lásán. Láti ìgbà náà ni owó ti jáde lọ́kàn wọn. Wọ́n á ní, "Ṣọ́jà lè pa àwọ̀ owó dà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ṣọ́jà tó lè pa àwọ̀ òkúta dà." Ẹnu Ùsmọ́n, awakọ̀ tó ń kó ànàmọ́ láti Jọ́ọ̀sì wá sí gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa òkúta iyebíye.

Ní oṣù Keje, Elisha, tí oko rẹ̀ bá ti bàbá pààlà, ra oko náà. Láti pálọ̀ Elisha ni bàbá ti gbé owó náà lọ sí gáréèjì tààrà, wọ́n ní kò ní sùn nílé àwọn. Òkúta méjì tó ní àwọ̀ aró ni Ùsmọ́n gbé kalẹ̀. Ọ̀kan mọ́ gaara bí omi. Èkejì ṣú díẹ̀, ó sì ní àwọn nǹkan tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn nínú. Ùsmọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, bàbá kò sì jiyàn.

Ó ní, "Bàbá, èyí tó ṣú yìí, ojú mi ló ṣe tí wọ́n wà á nínú ilẹ̀. Èyí tó ń dán yẹn, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti tà á fún mi. N kò mọ ilé rẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Dírẹ́bà, mọ́tò ni kó o máa wà. Ogójì ọdún ni mo fi la kòkó. Ṣé èmi lo fẹ́ ta èyí tó ti bu fún?"

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la kóró kòkó, wọ́n á wo inú rẹ̀. Èyí tó mọ́, tí kò bu, tí kòkòrò kò jẹ, ni gíréèdì wọ́ọ̀nù. Kòkó bàbá rẹ kò bọ́ sí gíréèdì kejì rí. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi yan òkúta, wọ́n sì ra èyí tó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan kó má fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Òwú inú èyí tó ṣú yẹn gan-an ni àmì pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

Ní Ọjọ́rú, bàbá gbé èyí tí wọ́n rà tọ̀ mí wá, nítorí pé ẹ̀kọ́ òkúta ni mo kọ́ ní Ifẹ̀. Mo fi kan ètè, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó ka ẹẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ òkúta gidi máa ń tutù pẹ́. Mo fi awò ilé ìwé wa wò ó, mo rí ihò afẹ́fẹ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, roboto bí ẹyin ẹja. Mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá rọra ha ìdí rẹ̀, fáìlì sì mú un. Èyí tí ènìyàn ń fi iná ṣe nínú ẹ̀rọ wà o. Òun le bí ti inú ilẹ̀, àfi pé ìlà inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ìlà ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ì bá jẹ́ ìyẹn, alágbẹ̀dẹ wúrà kan ì bá ṣì rà á. Ti bàbá kò tó bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni, àwọ̀ ìgò oògùn mágínẹ́ṣíà gẹ́lẹ́.

Bàbá ní, "Báwo ni?"

Mo ní, "Mo ṣì ń wò ó, sà." Títí di òní, n kò tíì sọ fún wọn.

Mo lọ bá Elisha. Ó ní ọjọ́ tí owó òun bá dé ni oko máa padà, n kò sì lè pè é ní ọ̀rọ̀ burúkú. Mo lọ bá Ùsmọ́n. Ó mú mi yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ó fi táyà tuntun mẹ́fà hàn mí. "Owó náà nìyí, tíṣà. Mo sọ fún wọn. Ẹ bi wọ́n." Èyí tó ṣú ti bá oníbàárà kan lọ sí Benin ní oṣù tó kọjá. Mo wo gbogbo rẹ̀ yí ká, n kò rí ẹni tí mo lè mú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ríran, ohun tí n óò fi ojú náà ṣe ni n kò mọ̀.

N kò ní kí o má bọ̀ wálé. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ.

Bàbá jókòó níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ajue ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń lọ ro abẹ́ kòkó náà fún Elisha lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn kò lè máa wò ó kó di igbó. Òkúta náà wà nínú áńkáṣífù, nínú àpò àyà wọn. Àwọn gan-an ló ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí o má ronú nítorí iṣẹ́ tó bọ́, pé ohun tí àwọn fi pamọ́ dè ọ́ ju oko lọ. O mọ̀ pé wọn kò mọ̀wé. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí báyìí pé: "Olútóyìn, ṣé o ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mọ́ gaara, pé kò ní àbàwọ́n kankan?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, bàbá."

Bá mi kí Monílọ́lá, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Kí Sàádátù aládùúgbò yín tó gba ọmọ tuntun yẹn pọ̀n. Àmì ìka tí o rí nísàlẹ̀ yìí, ti bàbá ni. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn fọwọ́ sí gbogbo ohun tí mo kọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Olútóyìn.