Ìgbín Kò Mọ Ààlà

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Tó Kọjú sí Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fara balẹ̀ díẹ̀? Ìyá ọmọ ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ? Ẹ bá mi fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, kí ẹ sọ fún un pé àbúrò ìyá ìyá rẹ̀ wà níbì kan tó ń ronú nípa rẹ̀ láì tíì rí i. Ní tèmi, àlàáfíà ni mo wà. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ ò ní gba ìkejì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọgbà yín ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ bá wọn tọ́jú ọmọ, tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ẹ ní, "Oníbéèrè, má bi ilẹ̀ ní ìbéèrè o, omi ni kó o bù fún un." Mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹgbẹ́ àwọn alọ́gbà ní òfin kan: ilẹ̀ tí nǹkan kan kò bá hù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ilé tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ ti kó kúrò níbẹ̀. Èmi náà rèé, ẹ lè máa kọ lẹ́tà sí mi títí ayé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà sí kábéèjì inú ọgbà. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tó tún kù níhìn-ín tó lè fà yín padà wálé.

Kábéèjì náà sì hù dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà ti ń na ọwọ́ wá igi tí yóò gùn. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo dé ọgbà, mo bá kùkùté ewé nílẹ̀. Ipa kan tó ń dán bíi fàdákà ló kù, ó lọ síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ẹni tó ń ronú bá ń fi ìka tútù ya nǹkan sórí tábìlì. Oòrùn kò tíì mú, ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀, mo dúró, mo ń wò ó. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ó lẹ́wà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé ipasẹ̀ olè ni mò ń wò.

Ìgbín ni. Ẹ ó ní kí n sè wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò tó ohun tí èèyàn ń fi dí ihò eyín. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní ìkarahun rárá. Ìgbín oníhòòhò ni mò ń pè wọ́n, àwọn ló sì ń jẹun jù, bóyá nítorí pé wọn kò ní ilé tí wọn yóò máa gbé kiri.

Gbogbo ìwé tó sọ̀rọ̀ ọgbà ní ilé-ìkàwé níbi iṣẹ́ wa ni mo kà. Mo da eérú yí ebè ká. Òjò fọ̀ ọ́ lọ. Mo fọ́ èèpo ẹyin síbẹ̀. Wọ́n gorí rẹ̀ bí ẹni ń gba orí ẹní kọjá. Mo ri ife ọtí mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè kó sínú rẹ̀. Àwọn kan kó sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí nígbà tí mo rí wọn láàárọ̀, nítorí kò dára kí èèyàn fi ọtí dẹ pańpẹ́ fún àlejò. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa ní kí n wọ́n iyọ̀. Mo ní iyọ̀ á ba ilẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ilẹ̀ wo? Ṣé èyí tí ìgbín ti jẹ tán yẹn?"

Níkẹyìn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n nírọ̀lẹ́, sínú báàkẹ́ẹ̀tì. N kò lè pa wọ́n. Ebi ń pa wọ́n, ewé sì wà níwájú wọn. Èmi náà ì bá jẹ ẹ́. Mo bá ń dà wọ́n sí òdì kejì ògiri kúkurú tó wà lọ́wọ́ òsì, níbi tí koríko ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé igbó lásán ni. Ẹ wòye: bí mo ṣe ń ṣà wọ́n tó, wọn kò dín kù. Iyèméjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Ṣé ìgbín tuntun ni àbí àwọn àná náà ni? Ẹ mọ̀ mí, n kì í lè fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo mú ọ̀dà funfun tí a fi ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìwé wálé láti ibi iṣẹ́, mo sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àwọn tó ní ìkarahun lára, A, B, D, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọ iléèwé. Kò pẹ́ tí mo tún fi bá D lórí kábéèjì. Gb ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò kánjú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, gbogbo nǹkan dà bíi pé ó wà lábẹ́ omi. Ni nǹkan kan bá fò wá láti òkè ògiri, ó bà mí ní fìlà. Ìgbín ni. Òmíràn tún ń bọ̀.

Mo ké, "Ta nìyẹn?"

"Ìwọ ta nìyẹn?" Orí arúgbó kan yọ, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Baba Télọ̀ tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ni. "Hàà! Àbúrò ìyá yẹn! Ìwọ lò ń kọ nǹkan sí ìgbín lára?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni."

"O ò ṣeun! Mo ti rò pé ẹnìkan fẹ́ fi oògùn ṣe mí ni. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, pé ẹni tó bá ráyè kọ̀wé sí ìgbín lára, kò sóhun tí kò lè ṣe."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí wọn, sà?"

"Mò ń dá wọn padà ni! Ṣé kí n gba lẹ́tà tí kì í ṣe tèmi ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, a rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sórí ògiri náà. Àṣé òun náà kò lè pa wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àwa méjèèjì ti ń fi ìgbín ránṣẹ́ síra wa. Wọ́n á jẹ kábéèjì yín yó, wọ́n á lọ sùn nínú koríko rẹ̀, a ó sì tún gbé wọn wá jẹun àárọ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti pa ọgbọ́n pọ̀. A gé koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri. A ń bu omi rin ohun ọ̀gbìn láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ lè gbẹ kí wọ́n tó jáde. A tẹ́ pákó sílẹ̀; bí ilẹ̀ bá mọ́, abẹ́ rẹ̀ la ti ń bá wọn, a ó sì jọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì lọ sí ẹrẹ̀ etí odò. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbín sì ti jẹ kábéèjì àti ẹ̀wà tán, ilẹ̀ yín ṣófo. Ìyàwó Baba Télọ̀ ló fún wa ní ìdajì àwọn kábéèjì kéékèèké tó ti gbìn sínú agolo lójú fèrèsé. Bí mo ṣe ń gbìn wọ́n, mò ń rò ó lọ́kàn bóyá ilẹ̀ yín ṣì ni, nígbà tó jẹ́ pé ohun ọ̀gbìn ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Baba Télọ̀ ní kí n yé ronú, pé mò ń tẹ gbòǹgbò mọ́lẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ dé lánàá pẹ̀lú agbòjò rẹ̀. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ewé. Ó ní, "Ihò wà lára wọn."

Kí n tó sọ̀rọ̀, Baba Télọ̀ ti ké láti òdì kejì, "Ẹ wá wo tèmi, mà! Tèmi ti di asẹ́!"

Alága mi orí. Ó ní ilẹ̀ náà wà bó ṣe yẹ. Inú mi ti ń dùn nígbà tó yíjú sí mi tó ní, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ lo ni ín. Ṣé ẹni tó ni ín ń padà bọ̀?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀, mà." Ẹnu mi ló dáhùn kí ọkàn mi tó gbọ́. Ó ní kò burú, ó sì kọjá sí ilẹ̀ tó kàn.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ ní ọmọ ti ń rá, ẹ ní ibẹ̀ ti ń mọ́ yín lára. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo ń wá gbólóhùn tí kò sí níbẹ̀. Èmi tí mò ń bi gbogbo nǹkan ní ìbéèrè, ọ̀kan ṣoṣo yìí ló ń bà mí lẹ́rù, Alága sì ti bá mi bi í.

Baba Télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní kí n kí yín. Ìyá oníbúrẹ́dì náà kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ sì rọra máa gun àtẹ̀gùn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ò ní padà mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi níhìn-ín.

                                        Èmi ni àbúrò tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
                                        Oníbéèrè.